Àálè Yín Ti Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Bàbá mi, tí mi ò lè rí ẹlòmíràn pè bẹ́ẹ̀ mọ́,

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi, inú mi sì ń dùn débi pé mi ò tíì lè jẹun láti àárọ̀. Àálè tí ẹ máa ń pa sídìí igi ìdáná yín lóko, àkísà àti ìkarahun ìgbín tí ẹ máa ń so mọ́ ọ̀pá kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án, ti dé Èkó. Ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo gbé e wọlé, àwọn tí kò mọ̀ yín rí sì ń bọ̀wọ̀ fún un láti Kétu títí dé Mende.

Mo mọ̀ pé ẹ kú láìmọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an. Ẹ̀bi mi ni. Mo kàn sọ fún yín pé mò ń bá Ọ̀gá Dàpọ̀ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Kétu. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ wá bá mi lẹ́ẹ̀kan yẹn, káfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ni: kọ̀ǹpútà méjìlá, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ju gbogbo wa lọ, àti èmi. Ọ̀gá Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ géèmù kan tí àwọn èèyàn ń gbá níbẹ̀. Ó dà bí ìlú kan tí kò sí níbì kankan àfi inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó jókòó ní Kétu àti ẹni tó jókòó ní òkè òkun lè pàdé nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Bó bá wù ọ́, o lè dáko, kí o kórè, kí o gbé e lọ sọ́jà. Bó bá wù ọ́, o lè yọ idà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó ń wá ìjà kì í lọ bá oníjà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́ ló máa ń lọ bá.

Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà wà lára wọn. Èmi àti Bọ̀dá Kúnlé, òṣìṣẹ́ báńkì kan tó ń gbé ní Mende, la jẹ́ olórí àwọn jagunjagun. Ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń gba ọ̀nà ilé ìwé wa lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí ìjà mi?

Obìnrin kan wà tí à ń pè ní Ìyá Ṣùkúrà. Tòmátò ló ń tà ní Mile 12. Tó bá ti tú ẹrù tó ti òkè Ọya dé tán, tó pín in fún àwọn oníbàárà rẹ̀, á wá sí káfẹ́ wa lọ́sàn-án. Lọ́ńdọ̀nù ni Ṣùkúrà ọmọ rẹ̀ wà, ó ti pé ọdún mẹ́rin tí wọn ò ti fojú kan ara wọn. Àwọn méjèèjì jọ ní oko kan nínú géèmù náà. Ìyá á gbin èyí, ọmọ á bomi rin ín, wọ́n á sì máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn bí ẹni tó ń tàkúrọ̀sọ lórí ebè. Bàbá, èmi ni mo dáná sun oko yẹn. Mo rò pé eré ni. Nígbà tí ó wọlé tó rí eérú, ó dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọ fún Ọ̀gá Dàpọ̀ pé òun àti àwọn alábàrù ti ń jà ní Mile 12 láti ìdájí, òun ò lè wá sanwó ìjà mìíràn lọ́sàn-án.

Àwọn bíi mẹ́wàá tẹ̀lé e. Ọ̀gá Dàpọ̀ bínú, ó ní bó bá di Sátidé, òun máa yọ idà kúrò nínú géèmù náà pátápátá. Bọ̀dá Kúnlé ní bí idà bá lọ, òun àti àwọn èèyàn òun náà lọ nìyẹn. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé wọn ò gbọ́n. Ìlú tí kò sí ewu níbẹ̀, ta ló máa pẹ́ níbẹ̀? Ìlú tí kò sí àgbẹ̀ níbẹ̀ náà ńkọ́, kí ni jagunjagun máa jẹ? Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè di Sátidé. Ìgbà yẹn ni mo rántí àálè.

Ní ọjọ́ kìíní, ó bà jẹ́. Ọ̀gá Dàpọ̀ fi àálè sínú géèmù náà, a sì fi sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè pa á síbikíbi, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ kọlu ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Bọ̀dá Kúnlé ti so àálè mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó dúró sórí afárá, ó ń ṣá gbogbo ẹni tó ń kọjá, kò sì sẹ́ni tó lè ṣá a padà. Ọ̀gá Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọgbọ́n oko mi ti kú sí Kétu. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí ọgbọ́n yín ló ń bú, kì í ṣe tèmi.

Mo wá jókòó, mo ń rò ó. Mo rí yín lójú inú mi níbi tí ẹ ti ń kó igi jọ. Ẹ máa ń kọ́kọ́ fi àdá yín lélẹ̀ kí ẹ tó so àálè. Mo rò pé ó rẹ̀ yín ni, mo sì bi yín. Ẹ ní ẹni tó bá ń sọ fáráyé pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan òun, kò yẹ kí àdá wà lọ́wọ́ òun náà. Bí àdá bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe àálè ló ń pa, ogun ló ń pè.

Bàbá, mo fò sókè lórí àga.

Òfin tí mo kọ fún Ọ̀gá Dàpọ̀ kò ju ojú ìwé kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pa àálè, kó gbé idà rẹ̀ sílẹ̀ sídìí àálè náà. Níwọ̀n ìgbà tí idà bá wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan oko náà, òun náà ò sì lè fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Bó bá ti mú idà rẹ̀, àálè wó. Ohun tí o bá fọwọ́ ara rẹ gbìn nìkan lo lè pa á sí. Igbó tó yí ìlú ká, ti ogun ni. Ibẹ̀ ni wúrà wà, a kì í pa àálè níbẹ̀. Ọ̀gá Dàpọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ọjọ́ méjì ni kò fi dìde níbẹ̀ dáadáa.

Èmi lọ sí Mile 12. Mo bá Ìyá Ṣùkúrà láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa tòmátò tó ti rọ̀ kúrò lára èyí tó le. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ fún un pé èmi ni mo sun oko wọn. Kò dáwọ́ ṣíṣà dúró.

“Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ò gbin nǹkan rí,” ló wí.

“Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mà.”

“Ìyẹn ló wá burú jù.”

Mo ṣàlàyé àálè fún un. Ó ní òun mọ àálè kí wọ́n tó bí mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa wá.

Kí n tó parí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ọjọ́ tí ẹ gbé èlùbọ́ wá fún mi, tí ẹ jókòó sẹ́yìn mi ní káfẹ́, ojú ogun ni mo wà. Ẹ bi mí pé kí ni ọkùnrin tí mò ń lé yẹn fi ṣe mí. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dáhùn. Nígbà tí ẹ dìde láti lọ síbùdókọ̀, mo kàn yí ọrùn díẹ̀, mo ní ó dàbọ̀. Mi ò mọ̀ pé mi ò ní rí yín mọ́ láàyè. Ṣé inú bí yín nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà? Ṣé ẹ sọ fún ìyá mi? Mi ò lè bi ìyá mi.

Lánàá, Sátidé, Ìyá Ṣùkúrà wá. Ó jókòó sí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, Ṣùkúrà náà wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kọ ebè tuntun, wọ́n pa àálè, idà méjèèjì wà nílẹ̀. Èmi, Bọ̀dá Kúnlé àti àwọn èèyàn wa dúró sẹ́nu igbó, à ń wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè wọbẹ̀. Bọ̀dá Kúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ àfiṣeyẹ̀yẹ́ ránṣẹ́: “Màmá, ṣé bí ẹ ṣe máa wà nínú ọgbà nìyẹn, bí adìyẹ?”

Ìyá Ṣùkúrà gbin tòmátò fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ṣùkúrà jẹ́ kí idà tirẹ̀ dúró ti àálè, kí oko má baà wó. Òun wá mú idà tòun.

Ó jáde wá sínú igbó, ó gba iwájú Bọ̀dá Kúnlé kọjá bí ẹni pé kò rí i, ó tọ̀ mí wá tààrà. Mi ò sá, Bàbá. Mi ò sì ṣojú àánú. Mo jà tọkàntọkàn. Ó pa mí. Ẹ ò gbọ́ ariwo tí wọ́n pa! Ọ̀gá Dàpọ̀ lulẹ̀ láti orí àga. Ó ní ta ló ń sọ̀rọ̀ yíyọ idà kúrò níbí, ká máa gbá géèmù wa lọ.

Ìyá Ṣùkúrà ò tilẹ̀ yíjú. Ó fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Dìde, ọkọ mi. Ti oko nìyẹn. Ó ku ti ẹkún tí o mú ọmọ mi sun.”

Mo dìde nínú igbó náà, mo tún gbé idà mi.

Ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe fi hàn lọ.