Ilé Tí Gbogbo Wọn Ń Gba Ẹ̀yìn Wọ̀

Ojúlé Kẹtàlá,
Àdúgbò Ìsìkàn,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Motúnráyọ̀, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Reuben ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Dámiláre ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ṣa ẹ̀wà kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Bá mi kí àwọn ìyá arúgbó tí o ń tọ́jú níbi iṣẹ́, pàápàá jù lọ èyí tó máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè ọ́. Ẹ kú òtútù o. Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Àánú ti wọ kíláàsì kẹfà, ó sì ti ga dé èjìká mi. Ara mi le. Oúnjẹ ń lọ lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀. Àwo mẹ́ta ni mo ṣì máa ń kó sórí tábìlì nígbà mìíràn, màá wá rọra dá ọ̀kan padà kí Àánú tó rí i.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ nípa iṣẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó yẹn títí eteetí ìwé náà fi rọ̀. Mo mọ̀ pé ìparí oṣù Kọkànlá ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń bọ̀ ní Kánádà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ. N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí ẹkún máa ń gba ohùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà rẹ ni pé o kò tàn mí. O sọ fún mi pé ìmìtìtì ilẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹ ń gbé, pé àwọn onímọ̀ kò mọ ọjọ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ lọ́la, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn àwọn ọmọ ọmọ wa. O ní ẹ ti fi ìdè kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri. O ní báàgì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí omi, bisikíìtì, tọ́ọ̀ṣì àti oògùn Reuben wà nínú rẹ̀, ẹ sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí pápá tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá pín yà. O tún ní kò sí ohun tó wúwo tí ẹ ń gbé kọ́ sókè ibùsùn. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ mí ní àlàyé.

Ìyẹn ni mo ṣe da ìbéèrè bò ọ́, tí o sì dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé méjì tí o bá mi wò, èyí tí wọ́n fi bíríkì kọ́ láyé àtijọ́, tó sún mọ́ òkun, ni owó rẹ̀ kéré. Ìwọ wá ní kí n fi í sílẹ̀, kí n mú ilé pákó orí òkè, nítorí pákó máa ń tẹ̀, kì í tètè ṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Níbí, bí ènìyàn bá ń gbé ilé pákó, a ó ní ayé rẹ̀ ti bàjẹ́.

Èmi àti Àánú ti ń kọ́ bí a ṣe ń sá fún ìmìtìtì ilẹ̀ nínú ilé. Bí mo bá ti pàtẹ́wọ́, a ó kó sábẹ́ tábìlì tí Gbémiga ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, a ó bo orí, a ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, Àánú yóò sì kà dé ọgọ́ta. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Eékún mi ti ń dún.

Ṣùgbọ́n wá gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ sí mi. Mi ò mọ ẹni tó tú àṣírí náà. Ọlọ́kadà kan tó kó ènìyàn mẹ́ta láti Ọdà wá sí Ọjà Ọba, tó sì ń fi ọwọ́ kan tẹ fóònù, yíjú padà bi mí lórí eré bóyá n kò bẹ̀rù Ọlọ́run tí mo fẹ́ kó ọmọ lọ síbi tí ilẹ̀ ti ń mì. Mo ní kó kọ́kọ́ wo iwájú. Obìnrin kan ní ìjọ wa gbààwẹ̀ ọjọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ mi. Inú ilé tó wà lójú àgbàrá ló ti gba ààwẹ̀ náà. Lọ́dọọdún ni omi ń gbé ìkòkò rẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ló gbọ́n lórí ewu tó wà lókè òkun.

Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti àwọn ẹbí ọkọ mi ní Oǹdó. Kí n tó sọ ọ́, jẹ́ kí n kọ bí Gbémiga ṣe kú, nítorí orí fóònù ni o ti gbọ́ ọ, n kò sì lè sọ ọ́ parí lọ́jọ́ náà.

O rántí pé ìyá ọkọ mi kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. O sì mọ bí a ṣe ń ṣe: òkú àgbà kì í ti inú ilé tí kò dán jáde. Ilé amọ̀ ni ilé wọn ní Òkèlísà, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Bọ̀ọ̀dá Lawrence, ẹ̀gbọ́n Gbémiga, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, pe bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Silas. Ó ní kó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ilé, kó sì mọ odi búlọ́ọ̀kù sókè ìloro iwájú, èyí tí yóò bo páànù náà, tí wọn yóò kọ orúkọ ìdílé sí. Orí òpó amọ̀ ni o. Kò sí ọ̀pá irin kan nínú rẹ̀. Silas fúnra rẹ̀ sọ pé òpó náà kò lè gbé e, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Lawrence ní, "Káàdì ìsìnkú ti jáde. Ṣé òpó ni àlejò máa wá wò?"

Ọjọ́bọ̀ ni, ìsìnkú ku ọ̀la. Gbémiga dúró sábẹ́ ìloro, ó di okùn báńà tí wọ́n ya àwòrán ìyá rẹ̀ sí mú, ó ń bi àwọn tó wà ní títì bóyá ó tọ́. Wọ́n ní kó fà á sọ́tùn-ún díẹ̀. Ó fà á. Odi náà sì wó lé e.

Ilẹ̀ kò mì, Motúnráyọ̀. Ilẹ̀ Oǹdó dúró gbagidi, kò tilẹ̀ wárìrì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n sin ìyá, nítorí pé káàdì ti jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a sin ọkọ mi. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Búlọ́ọ̀kù tí kò ní irin nínú, tí wọ́n tò sórí òpó amọ̀ nítorí àwọn tó ń wá jẹun fún ọjọ́ kan, Ọlọ́run ni wọ́n dì í rù.

Sátidé tó kọjá ni mo lọ bá wọn. Ìwé ẹ̀rí ikú Gbémiga wà lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Lawrence, mo sì gbọ́dọ̀ fi í kún ìwé físà Àánú. Láìsí i, ọmọ kò lè bá mi lọ, èmi kò sì ní lọ láìsí ọmọ. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo rí i: wọ́n ti tún odi náà mọ. Silas náà ni, òpó amọ̀ náà ni. Ó tilẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, orúkọ ìdílé sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé koríko ti hù sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Adépéjú, àbúrò Bọ̀ọ̀dá, yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ní, "Ìyàwó, gba ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn iwájú ń fún."

Mo gba ẹ̀yìn. Bàtà gbogbo wọn ló wà ní ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo jókòó tán, Bọ̀ọ̀dá Lawrence ṣí Bíbélì sí Mátíù orí kẹrìnlélógún. Ó kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé. "Ìsẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀, Ìyá Àánú. Jésù ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwọ wá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá a."

Àǹtí Adépéjú ní, "Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń jẹ níbẹ̀ tí ènìyàn á fi máa gbé orí ilẹ̀ tó ń gbọ̀n bí aláìsàn ibà? Ọmọ wa ni Àánú. Kì í ṣe ẹrù ọkọ̀ òfuurufú."

"Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti lò láyé," Bọ̀ọ̀dá fi kún un, "ilẹ̀ Oǹdó kò mì lójú mi rí. Ìwé yẹn yóò wà lọ́wọ́ mi. Bí orí rẹ bá tutù, a ó tún sọ̀rọ̀."

Motúnráyọ̀, o mọ̀ mí, n kì í gbó àgbà lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, "ẹ ṣé sà" ni ọ̀rọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni ilẹ̀kùn iwájú ti ń fún. Àǹtí Adépéjú ní láti ìgbà òjò. Mo ní, "Àǹtí mi, àbí láti ìgbà tí wọ́n ti tún odi mọ?" Ó wo Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá wo Bíbélì.

Mo wá sọ fún wọn pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, àbúrò mi ní ìmìtìtì ilẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Kí ẹ dúró sábẹ́ ìloro fún ìṣẹ́jú kan péré, èmi yóò máa kà á. Bí ẹ bá dúró pé, n kò lọ mọ́. Màá fa lẹ́tà rẹ̀ ya níbí."

Àǹtí Adépéjú rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ni o fẹ́ sọ di ọmọ iléèwé?"

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà lè bá wọn dúró."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìró ró, ìró tí kò tú. Bọ̀ọ̀dá bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́, ó tún bọ́ ọ. Ọkùnrin tó fi ọdún márùndínlógójì mú ọmọ ọlọ́mọ dúró sínú oòrùn, kò lè dúró fún ìṣẹ́jú kan lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀.

Nígbà tó dìde, mo rò pé ìdí ilẹ̀kùn iwájú ló ń lọ. Mo ti la ẹnu láti ní kó má lọ, nítorí mo ti rí ohun tí odi yẹn ń ṣe, n kò lè kà á dé ọgọ́ta fún ọ̀tá mi. Yàrá ló yà sí. Ó mú àpò ìwé kan jáde, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ mi. "Ṣe àdàkọ rẹ̀, kí o dá ojúlówó padà." Ó ṣì gbọ́dọ̀ pa àṣẹ kan.

Ó sìn mí sọ́nà gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ẹ̀yìn náà la gbà, a yí po lẹ́bàá gọ́tà, a jìnnà sí ògiri débi pé bàtà rẹ̀ kó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí a dé títì, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wó o."

Ó ní, "Àwọn ènìyàn á máa sọ̀rọ̀."

Mo wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. Àwọn ènìyàn yẹn kan náà ló jẹ ẹran ìsìnkú, tí wọ́n nu ẹnu, tí wọ́n lọ ilé wọn.

Nítorí náà, sọ fún ibi iṣẹ́ rẹ pé mò ń bọ̀. Gba ilé pákó orí òkè fún wa, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga. Bi onílé bóyá wọ́n fi irin dè é mọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí o jẹ́ kó fi hàn ọ́, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ní ìgboyà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, yóò sì máa bà mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tiyín, ẹ ń sọ ewu náà lójú ọmọdé, ẹ sì ń kọ́ ọ níbi tí yóò sá sí. Níbí, ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ni wọ́n ń gba ẹ̀yìn yẹra fún, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀kùn tó fún.

Kí Reuben fún mi, kí o sì gbá Dámiláre mọ́ra. Àánú ní kí n sọ fún un pé òun mọ̀ ọ́n kà dé ọgọ́ta láìmí.

Àwòrán Gbémiga kan ṣoṣo ni mò ń gbé bọ̀, èyí tí a yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó ní gíláàsì. Bá mi wá ibì kan fún un sílẹ̀ lára ògiri, kí wọ́n fi ìdè kàn án mọ́lẹ̀ dáadáa. Kó má ṣe sí lókè orí ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń di ẹrù,
Agnes.