Àgbàdo Funfun Ìyá Rẹ

Àríyìkẹ́ ọmọ mi ní Kútọnu,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, pàápàá àbíkẹ́yìn tí mi ò tíì fojú kàn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé yín tutù, kí ààrò yín máa gbóná. Tí o bá bèèrè mi, mo wà. Orúnkún ń dùn mí, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, òrùlé ilé ìdáná ń jò. Razack télọ̀ tó kàwé ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ òun lè bá mi. Èmi ò ráyè díẹ̀díẹ̀. Òjò ti ń ṣú.

Ọ̀rọ̀ àgbàdo ìyá rẹ ni, èyí tó funfun bí eyín ọmọdé, tó gbé wá sílé mi láti Bobè ìlú wọn nígbà ìyàwó, tó máa ń so rọ̀ sókè ààrò kí èéfín lè pa á mọ́. Láti ọdún mẹ́ta tó ti kú, mi ò gbin irú òmíràn. Ní ìkórè tó kọjá, mo bó ọ̀kan, mo rí wóró pupa mẹ́rin láàrin funfun. Mo bó òmíràn, pupa tún wà níbẹ̀.

Imorou tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ló fà á. Ó gbin irúgbìn pupa tuntun tí ọ̀gá àgbẹ̀ ìjọba kan, Ghislain, ọmọ Mahi láti Savalou, fi alùpùpù gbé wá. Ghislain ní ó tètè ń gbó, kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Mo ní kí ni kòkòrò rí nínú rẹ̀ tí ènìyàn ò rí. Ó yí padà, ó ń ka àpò irúgbìn rẹ̀.

Àmọ́ èmi ti mọ̀. Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo mọ́tò ní Bantè, máa ń tan rédíò ìlú wọn sókè, a sì gbọ́ níbẹ̀ pé òyìnbó ti ṣe àgùntàn kan tí kò ní bàbá, pé wọ́n ń yọ nǹkan lára ẹ̀dá kan fi sínú òmíràn, pé wọ́n ti fẹ́ fi ti ẹja sínú tòmátì. Ti ẹja kò ṣòro, a kì í dú ẹja. Ẹran wo ló wà nínú àgbàdo Imorou, ta ló sì dú u? Mo bi Ghislain bóyá wọ́n ṣe bisimilá sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di alùpùpù rẹ̀ mú, ó ní kò sí ẹran kankan níbẹ̀, pé àgbàdo àti àgbàdo ni wọ́n kàn so pọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àgbàdo náà ṣì tutù, Imorou fún mi lọ́kan kí n tọ́ ọ wò. Mo kọjú rẹ̀ sí kìbúlà, mo ṣe bisimilá, mo fi ọ̀bẹ ré ọrùn rẹ̀, mo dúró kí ẹ̀jẹ̀ dà. Omi funfun ló jáde. Ààfáà abúlé wa gbọ́, ó ní mo dójú ti òun. Mo sun ún jẹ. Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Nígbà tí mo fi wóró pupa han Imorou, ó ní àgbàdo òun ló rí ọmọge tó wù ú, òun á gbé obì wá. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní kó gbé obì náà lọ sí itẹ́ òkú, ibẹ̀ ni ìyá ọmọge wà.

Mo ta ẹní sí ààlà kí afẹ́fẹ́ má lè gbé lẹ́búlẹ́bú àgbàdo rẹ̀ kọjá sí tèmi. Afẹ́fẹ́ gbé ẹní lọ. Imorou fúnra rẹ̀ ló ká a wá fún mi, ó ní kí n má bínú, ọmọ méje ni òun ń bọ́, òun ò lè torí afẹ́fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀. Kò purọ́. Mo wá lọ ṣán ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn òkè, lọ́nà Gouka, níbi tí àgbàdo ẹnikẹ́ni ò sí. Láti ìgbà náà mi ò lè jókòó. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń wo ojú sánmà.

Ilẹ̀ ti wà. Irúgbìn ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣà. Ghislain ní kí n kàn yọ pupa kúrò, ṣùgbọ́n ìyá rẹ kì í kàn yọ nǹkan kúrò, ó máa ń yàn ni. Ṣé wóró àárín ló máa ń mú ni, àbí ti ìdí? Èmi ò wò ó rí. Ìwọ lo máa ń jókòó tì í.

Wọ́n ní mi ò sunkún lọ́jọ́ tí a sin ín. Òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ wóró pupa yẹn, mo jókòó sórí ebè, mi ò lè dìde. Razack fẹ́ fo ibí yìí. Mo ní kó kọ ọ́.

Owó tí mo máa ń bèèrè, mo tún ń bèèrè rẹ̀. Má fi rán ẹnikẹ́ni sí mi. Fún awakọ̀, kó fi gbé ìwọ fúnra rẹ wá kí òjò tó rọ̀. Àpótí ìyá rẹ ṣì wà lẹ́bàá ààrò, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Afẹ́fẹ́ kò ní gbé ohun tí í ṣe tìrẹ lọ.

Èmi, bàbá rẹ.