Etí Tuntun Tí O Rà fún Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé wọn kì í pẹ́ dé ilé ìwé? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi kò ní gbàgbé yín. Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń mu, eékún òsì mi ṣì ń dùn mí tí òjò bá ń bọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dàgbà tí eékún kò ní bá a sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi ṣì wà níwájú ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn náà ló sì pààlà láàárín àwa méjèèjì. Ọ̀rọ̀ pákó yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ etí.

O ṣeun, ọmọ mi, o kò ní ṣe àṣedànù. Láti ìgbà tí etí ìyá rẹ ti di, mo ti gbà pé bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa bá a lọ, kí n máa pariwo, kí òun náà máa dá mi lóhùn ohun tí n kò bi í. Mo ní kó bá mi mú ọṣẹ, á bá mi mú aṣọ. Nígbà tó ti ọ̀dọ̀ rẹ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bíńtín tó rí bí ẹ̀wà lẹ́yìn etí, mo pariwo pé ṣé nǹkan tó kéré báyìí ló máa ṣe ohun tí ohùn mi tó ń lé ewúrẹ́ kò lè ṣe. Ó ní kí n yé pariwo mọ́ òun. Mo ti gbàgbé pé mo ń pariwo.

Mo wá ka ìwé inú páálí rẹ̀ bó ṣe yẹ kí olórí ilé kà á. Àwòrán ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹnu tó là sílẹ̀, wọ́n sì fa igi lé e. Èmi gbà pé wọ́n ní ẹni tó bá ń lo etí tuntun kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, pé ẹ̀rọ náà kò lè gba iṣẹ́ ẹnu mọ́ iṣẹ́ etí. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ tìfẹ́tìfẹ́, mo ní kó fara dà á, pé sáyẹ́ǹsì ló wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Àbúrò rẹ ló wá là á yé wa pé àwọn nǹkan roboto tó ń dán nínú páálí ni wọ́n ní kí èèyàn má gbé mì. Ó dára tó tètè dé, torí mo ti bu omi kalẹ̀ kí ìyá rẹ fi lo ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ. Mo rò pé oògùn etí ni. Ṣé bátìrì náà ti wá kéré tó báyìí?

Òmíràn tún wà. Ìyá rẹ ní fóònù òun ń bá etí náà sọ̀rọ̀, pé dókítà lè jókòó sí ọ́fíìsì lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún kó sì tún etí ṣe fún òun níbí. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni pé dókítà wà nínú etí, ó ń tẹ́tí sí wa. Ṣé ọmọlúàbí lè máa kọjá lára dókítà lójoojúmọ́ láìkí i? Láràárọ̀ ni mo ń ṣí fìlà, tí mo ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ìyá rẹ, tí mo ń rọra ní ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí ọmọ mi tẹ́ ẹ bá rí i. Ìyá rẹ kàn ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ẹran kún oúnjẹ mi. Nígbà tó yá ló bi mí pé ta ni sà, mo ní dókítà inú etí ni. Ẹran ti dín kù láti ìgbà náà.

Ibi tí sáyẹ́ǹsì ti wá kan àdúgbò nìyí. O mọ̀ pé kì í ṣe irun nìkan là ń gẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ibẹ̀ làwọn ọkùnrin ti ń sọ ohun tí wọn kò jẹ́ sọ nílé. Etí ìyá rẹ di, ọkàn gbogbo wa balẹ̀. A gbàgbé pé nǹkan ti yí padà. Oníbúrẹ́dì tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa jókòó sórí àga, mo da aṣọ bò ó lọ́rùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹ̀wù tí ìyá rẹ rán fún un, ó ní apá kan gùn, apá kan kúrú, pé tóun bá wọ̀ ọ́, àfi bíi pé òun ń dá ọkọ̀ dúró. A rẹ́rìn-ín. Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn pákó, jẹ́jẹ́, ó ní kò sóhun tó ṣe ẹ̀wù, èjìká rẹ̀ ló wọ́ sápá kan nítorí àpò ìyẹ̀fun tó ń rù, kó lọ tún èjìká ṣe. Oníbúrẹ́dì dìde pẹ̀lú orí tí mo gẹ̀ dé ìdajì, ó dé fìlà mọ́ ọn, ó lọ, kò sì kí wa mọ́.

Ọ̀rọ̀ tàn. Káfíńtà kò wá mọ́, awakọ̀ kò wá mọ́. Àwọn tó ń wá ń jókòó bí ẹni tó wà níwájú adájọ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní ó yẹ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa bi àwọn ọkọ léèrè kí wọ́n tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ sókè.

Oníbúrẹ́dì yìí ti pa igi ìdáná tì, gáàsì ló fi ń yan búrẹ́dì báyìí, ìgò gáàsì náà sì wà lẹ́bàá ògiri yàrá ìyá rẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣe ṣìì. Mo ní etí rẹ̀ ló ń súfèé, torí ó máa ń súfèé tí kò bá wọlé dáadáa. Ó yọ ọ́, ó ní ó ti dákẹ́. Mo ní ṣé ẹ rí i, etí ni. Ó dá a padà, ó pa rédíò mi, ó yọ ẹ̀rọ ìgẹrun lára iná, ó ní kí gbogbo wa dákẹ́. A dákẹ́, a kò gbọ́ nǹkan kan. Òun jáde.

Oníbúrẹ́dì rí i tó ń bọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ èjìká ló fẹ́ wá parí, ló bá kẹ̀yìn sí i. Ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, kò gbọ́ òórùn rárá, ìṣáná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ tan ààrò. Ìyá rẹ kò kí i, kò ṣàlàyé. Ó gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì fi apá ẹ̀wù tó gùn yẹn, tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, fà á jáde. Èmi ti dé ẹ̀yìn wọn nígbà náà, òórùn gáàsì kọlù mí nímú. Wẹ́dà tí mo ń gẹ irun fún lọ́wọ́ ló wọlé lọ ti ìgò náà pa, ó ní rọ́bà rẹ̀ ti là, pé ká ní wọ́n ṣáná sí i ni, òun kò ní parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyàwó oníbúrẹ́dì àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn ààrò. Mo wá ibi jókòó sí.

Oníbúrẹ́dì ṣí fìlà, pẹ̀lú orí ìdajì yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ìyẹ̀fun, ó ní Màmá, ẹ ṣeun. Ìyá rẹ ní kó dìde, kó bọ́ ẹ̀wù náà wá, pé bí òun ṣe fà á, òun rí i pé apá òsì gùn lóòótọ́. Mo gẹ ìdajì orí tó kù fún un lọ́jọ́ náà, n kò gba kọ́bọ̀. Àwọn ọkùnrin ti padà wá báyìí. Tí àríyànjiyàn bá le, wọ́n á ní ká gbọ́ ti ẹ̀yìn pákó ná.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ló bá gbé ọwọ́ sókè. Mo rò pé ó fẹ́ yọ etí, torí ó ti mọ ìyẹn náà ṣe, tí ọ̀rọ̀ mi bá ti gùn, inú ike ni etí ń lọ. Ṣùgbọ́n òjò ló ń gbọ́. Ó ní òun ti gbàgbé pé orí páànù ẹlòmíràn ló máa ń kọ́kọ́ dún kó tó dé orí tiwa. Mo pa ẹnu mọ́. A jókòó títí òjò fi dá, n kò sì rántí eékún mi.

Bátìrì ti ń tán lọ, jọ̀wọ́ fi òmíràn ránṣẹ́, kí o sì béèrè bóyá wọ́n ti ṣe ti eékún. Fi owó díẹ̀ sí i kí n fi ra pákó tó nípọn. Ìyá rẹ ti dáhùn láti yàrá ẹ̀yìn báyìí, torí mo máa ń ka ohun tí mo bá ń kọ sétí ara mi, ó ní kí n pa pákó rẹ́, fèrèsé ni kí n kọ. Èmi ni kí o fi owó náà ránṣẹ́ sí o, má fi sí fóònù rẹ̀, torí fóònù yẹn àti etí rẹ̀ kì í fi nǹkan pamọ́ fún ara wọn.

Ohùn ayọ̀ ni wàá máa gbọ́ nínú ilé rẹ. Ohun tí o ṣe fún ìyá rẹ, àwọn ọmọ rẹ á ṣe é fún ọ, a kò sì ní pè ọ́ kó o má jẹ́ wa.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ìyàwó rẹ̀ ti wá ń gbọ́ tẹnu rẹ̀ báyìí.