Eérú Kọ́, Èédú Ni

Bàbá mi tí mo ń ṣàárò,

Àwọn àgùntàn tí ẹ fi sílẹ̀ re ọ̀run ti bí sí i ní àdúgbò Kẹ́nẹ́dì ńbí. Músílíù, àbíkẹ́yìn mi, ló ń tọ́jú wọn báyìí. Ráfátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba Àbíjàn lọ. Bí fóònù rẹ̀ ò bá ti wọlé lọ́jọ́ kan péré, oúnjẹ ò ní í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Músílíù nìkan ló kù, mo sì dì í mú bí ẹni di owó sétí aṣọ.

Ó ní òun fẹ́ máa sọ ìgbẹ́ àgùntàn di ajílẹ̀, kí òun máa tà á fún àwọn tó ń gbin tòmátì. Ó kó o jọ sẹ́yìn ilé, ó ń bomi rin ín, ó ń yí i. Bàbá, òórùn náà! Ó ń ta ni lójú bí àlùbọ́sà. Ìyá Áwà, aládùúgbò wa tó máa ń pe àwa Yorùbá ní Ànàgó, dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀yin Ànàgó, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Ẹ kó o kúrò kí òjò tó dé!" Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí, òun náà á gba Àbíjàn lọ nìyẹn.

Ni mo bá rántí yín. Ṣebí eérú lẹ máa ń dà sí ṣálángá wa, tí òórùn rẹ̀ fi ń rọlẹ̀? Mo kó eérú ààrò, mo dà á lé òkìtì náà. Yéè! Omi ń bọ́ lójú gbogbo agboolé. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ti àgùntàn yàtọ̀?

Ẹ̀rín ni Músílíù ń rín. "Màmá, eérú ń lé òórùn jáde látinú ìgbẹ́ ni. Èédú ló ń dì í mú. Oúnjẹ ilẹ̀ ló sì ń bá òórùn yẹn lọ."

Ó jó kùùkù àgbàdo nínú dúrọ́ọ̀mù onídèérí, ó bomi pa á kó tó di eérú, ó gún èédú náà, ó pò ó mọ́ ìgbẹ́. Díẹ̀díẹ̀, òórùn rọlẹ̀. Òjò ti dé báyìí, Músílíù ò lọ ibì kankan. Ìyá Áwà gan-an ti wá bu ajílẹ̀ sídìí ata rẹ̀, kò tilẹ̀ wojú mi.

Ọkàn mi balẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n òórùn ìgbẹ́ yẹn ló máa ń wà lára bùbá yín tí ẹ bá ti ìso ẹran dé, tí ẹ gbé mi mọ́ra. Láàárọ̀ yìí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkìtì náà, mo fa imú títí. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni mo gbọ́. Ẹ ò sí níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé lọ gbé oúnjẹ Músílíù kaná.

Ọmọ yín tó ń bá yín ṣọ́ agbo,
Ìyá Ráfátù