Ẹni Tí Mo Rí Nínú Sinimá

Bàámi,

Ara mi le o, ẹ má fòyà. Ọ̀gá mi obìnrin ti tún ilé sinimá àdúgbò wa tó ti di ilé eku ṣe; èmi ni mò ń ta kọfí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tá a ṣí i, wọ́n gbé fíìmù àtijọ́ kan sójú ògiri: èrò tò síwájú sinimá yìí láyé ọjọ́un. Àfi bí mo ṣe rí yín! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé iṣẹ́ nìkan lẹ wá ṣe ní ìlú yìí kẹ́ ẹ tó padà sílé, ẹ gbé ọmọ sí èjìká, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ké: "Bàbá mi rèé! Èmi ló gbé yẹn!"

Ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní ó yọ̀ ni.

Ẹ bá mi kí Màámi, àmọ́ ẹ má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Ọ̀gá mi ní, "Bá mi kí bàbá rẹ o." Mo ní ẹ ó gbọ́.