Hẹ́dífóònù Tó O Fi Ránṣẹ́

Abdulqoyum ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wà? Orúnkún bàbá rẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Qonitah àbúrò rẹ ń kí ọ. Ó rẹ èmi ṣá.

O ní kí n sọ bí hẹ́dífóònù tó o fi ránṣẹ́ ṣe rí. Ó rẹwà, tìmùtìmù rẹ̀ rọ̀ létí, kò fún mi bí mo tilẹ̀ wé ìbòrí. Mò ń gbọ́ wáàsí ketekete lápá ọ̀tún, àmọ́ apá òsì kò dún rárá. Mo fẹ́ dá a padà, ni Qonitah bá gbé e sétí. Ó ní méjèèjì ń dún.

Abájọ tí Ìyá Fàwáz, aládùúgbò wa ní Agbowó, fi ní mò ń gbéraga, pé òun ń kí mi, n kì í dáhùn.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Bó o bá wálé, jọ̀ọ́, apá ọ̀tún ni kó o ti kí mi.

Èmi ìyá rẹ,
Zùwáírátù