Àpótí Tí Mo Pè Ní Tèmi

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè mí ní ọkùnrin ilé yín,

Ẹ kú ìsinmi o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ eléyìí. Ìwé mẹ́ta tí mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa bá ìyá mi tajà tó mi í kọ ọ́. Bí kò bá gún, ẹ fojú fò ó. N kò lè bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́, torí n kò fẹ́ kó dé etí Músílíù, ọmọ ìyàwó yín kékeré.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ti máa ń ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀? Ẹ ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ẹ ó gbé búútà kalẹ̀, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu òpó ilẹ̀kùn, ẹ ó ní, “Tèmi ni.” Èmi náà á sáré wá lù ú nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ mi mọ. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, èmi ni mò ń lù ú. Músílíù ní kí n pín ilé. Mo ní ojú àwọn àgbà lẹ ti fi í lé mi lọ́wọ́. N kò jẹ́ kí òun tàbí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ́ ẹní síbẹ̀, torí ẹni tó bá sùn lónìí, ọ̀la ló máa ní òun ti ní yàrá.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi ti gbé mi ṣubú. Làmídì, ọmọ Músílíù, wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun ò bèèrè yàrá, àpótí kékeré kan lòun fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ni, òun á sì máa ra iná sí mítà. Kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ, iná aláwọ̀ ewé kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Mo ní àpótí kì í tẹ́ ẹní, àpótí kì í bèèrè ogún. Mo gbà á. Mo tún ń nu eruku ara rẹ̀ láràárọ̀!

Bàbá, n kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀nà olè ni. Àwọn tó ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà ja aráyé lólè níbi tó jìnnà, inú àpótí yẹn ni wọ́n ń gbà kọjá, kó lè dà bíi pé ilé yín ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ìgbà tí olè wọ agbádá yín lọ jalè ni. Agbádá yín ni aráyé á rí. Wọ́n ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá ilé onílé tí olè á fi bojú. Àwọn ni Làmídì ń bá ṣiṣẹ́.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, Músílíù ti dúró sẹ́nu géètì, etí rẹ̀ nà bí ti ehoro. Obìnrin kan nínú wọn nawọ́ sí àpótí: “Màmá, ta ló ni èyí?”

Bí mo bá ní ti Làmídì ni, Músílíù á ní ọmọ òun ń gbébẹ̀ nìyẹn. Mo lu òpó ilẹ̀kùn. “Tèmi ni. Láti orí páànù dórí ìṣó, kò sí ohun tó wà nínú ilé yìí tí kì í ṣe tèmi.”

“Màmá, ẹ rọra. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ yẹn?”

“Ṣé mo jọ odi lójú ẹ ni?”

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Làmídì ti sá rékọjá bodè. Gbogbo Mọ́ńdè ni mò ń lọ jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá n'Ìbarà bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé. N kò gbọdọ̀ kúrò nílùú. Ọmọ-ọmọ mi bímọ ní Wásinmi, n kò tíì rí ojú ọmọ náà. Lọ́yà ní bí n kò bá rí ẹni jẹ́rìí pé Làmídì ló gbé e wá, ẹ̀wọ̀n ni. Músílíù nìkan ló sì rí i lọ́jọ́ tó gbé e wọlé.

Ó wá lánàá, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, màá jẹ́rìí. Ọmọ tó ti lọ, ta ló máa rí i mú? Ẹ ṣáà gbà pé ó ní yàrá níbí.”

“Kí ìwọ náà wá tẹ́ ẹní síbẹ̀?”

“Àbí ẹ fẹ́ lọ tẹ́ tiyín sẹ́wọ̀n?”

Bàbá, èwo ni kí n ṣe? Bí mo bá wà lẹ́wọ̀n, ta ló máa lu òpó náà? Ṣé nǹkan burúkú kankan ò wọlé tọ̀ yín rí, tí ẹ fi ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn láìbẹ̀rù?

Wọ́n ti gbé àpótí lọ. Ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Òní ni Jímọ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òpó ilẹ̀kùn, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Ẹ bá mi wí i. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀bi mi ni, ẹ bá mi wí.

Èmi ni,
ọkùnrin ilé yín, tí kò rí ọ̀nà jáde mọ́.